Ẹ̀yin tí ẹ ti mójú tó àbá àtúnṣe blockchain rí, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Àrẹ̀mọ Bódìjà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó wù mí kí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ blockchain (àkọsílẹ̀ owó tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú) tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba sọ ìrírí wa nípa kíkó àbá àtúnṣe jọ, ìyẹn ìwé téèyàn fi ń dábàá ohun tó yẹ ká yí padà. N ó ti tèmi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ wa kò tóbi. Àwa díẹ̀ wà n'Ìbàdàn, àwọn yòókù wà káàkiri. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa mójú tó àbá, àbá pọ̀ nílẹ̀ o, àmọ́ kò síbi kan téèyàn lè na ọwọ́ sí pé ibí ni wọ́n wà. Ẹnìkan á kọ tirẹ̀ sórí Telegram lóru, ẹlòmíràn á kọ ọ́ sínú fáìlì tí àwa yòókù kò lè ṣí, ẹlòmíràn á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣebí a ti fẹnu kò lórí ìyẹn?" Ta ló fẹnu kò? Nígbà wo? Kálukú ló sì ń fún àbá rẹ̀ ní nọ́ńbà. Àbá 7 di méjì: ọ̀kan dá lórí owó tí wọ́n ń yọ nígbà téèyàn bá fi owó ránṣẹ́, èkejì dá lórí bí àwọn kọ̀ǹpútà ṣe ń wá ara wọn rí. Méjèèjì ni wọ́n ti dárúkọ nínú kóòdù, ẹni tó ń kà á kò sì mọ èyí tí wọ́n ń wí.

Mo wá jókòó ka bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ṣe tiwọn. Àwọn ará Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ló ti ní PEP, orúkọ tí wọ́n ń pe àbá tiwọn, láti ọdún 2000. Amir Taaki, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ kóòdù Bitcoin, wo ti Python kọ BIP 1, ìwé ìlànà fún àbá Bitcoin (BIP), ní 2011. Ethereum, blockchain mìíràn, náà sì gbé EIP-1, ìlànà fún àbá tirẹ̀ (EIP), kalẹ̀ ní 2015. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ní gbogbo ibẹ̀, ẹni tó kọ àbá kọ́ ló ń fún un ní nọ́ńbà, olótùú ni. Olótùú yìí kì í sì í ṣe adájọ́. Tirẹ̀ ni kó wò ó bóyá àbá yé èèyàn, bóyá ó pé, bóyá ó tẹ̀ lé ìlànà. Bóyá a ó lò ó tàbí a ò ní lò ó, ìyẹn kù sọ́wọ́ àwọn tó ń kọ kóòdù àtàwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wọn gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ró.

Mo gbé e síwájú àwọn ará wa. Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wa, wọ́n ju gbogbo wa lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà dénú. Wọ́n ní, "Ṣé tèmi náà á máa tò sórí ìlà ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Bí tiyín ò bá tò, kò sẹ́ni tí tirẹ̀ máa tò." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n fi fọ́ọ̀mù tí a fi ń kọ àbá ránṣẹ́ sí àwọn.

Àbá wọn dé, mo dá a padà. Lọ́dọ̀ Ethereum, àbá tí kò bá ní abala tó sọ̀rọ̀ nípa ààbò kì í kọjá, àwa náà sì ti mú ìlànà yẹn lò. Ibi tí ẹ̀gbọ́n ti ń kọ abala náà ni wọ́n ti rí i fúnra wọn pé bí a bá ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹlòmíràn lè mú owó téèyàn ti fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan, kó tún un fi ránṣẹ́ lórí ẹ̀ka mìíràn nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Irú wàhálà tí Ethereum torí rẹ̀ ṣe EIP-155 ní 2016 nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n tún un kọ. Láti ọjọ́ náà, àwọn gan-an ló ń sọ fún àwọn ọmọ tuntun pé kí wọ́n má fo abala ààbò.

Mo tún fẹ́ràn ìpele tí àwọn Ethereum ń fi sára àbá: Draft (à ń kọ ọ́ lọ́wọ́), Review (à ń yẹ̀ ẹ́ wò), Last Call (àyẹ̀wò ìkẹyìn) tó sábà máa ń gba ọjọ́ 14, lẹ́yìn náà Final (ó parí). Èyí tó tù wá lára jù ni Stagnant. Bí oṣù 6 bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan àbá, wọ́n á kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ti sùn. Kò kú o, ẹni tó kọ ọ́ lè jí i. Kò sẹ́ni tó ń bínú mọ́ pé a pa àbá òun.

Ọmọ Àgbówó:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Èmi wà ní òdìkejì, àbá ni mo kọ. Fóònù ni mo fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí iṣẹ́ ńlá kan. Wọ́n dá a padà pé àkọlé rẹ̀ gùn ju lẹ́tà 44 lọ, pé kò sí ojú ìwé tí àwọn èèyàn á ti jíròrò rẹ̀. Wọn ò sọ ohunkóhun nípa èrò mi. Mo tún un ṣe, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti wá bẹ̀rẹ̀. Olótùú kì í bá èèyàn wá alátìlẹ́yìn. Èmi ni mo ń kàn sí àwọn tó ń ṣe wọ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ètò orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà téèyàn fi ń tọ́jú owó blockchain rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi kà á. Díẹ̀ dáhùn, ọ̀pọ̀ kò dáhùn. Àbá mi kò dé Final, ó sùn. Àmọ́ nígbà tí ẹlòmíràn kọ irú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tọ́ka sí nọ́ńbà mi, ó sì ṣàlàyé ibi tí tirẹ̀ ti yàtọ̀. Inú mi dùn sí i títí dòní.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀:

Ẹ kú ìjókòó o. Tiwa ni pé a fẹ́ kí Yorùbá wà lára àwọn èdè BIP 39, àbá Bitcoin tó sọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ lásán pa kọ́kọ́rọ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì mọ́, kéèyàn lè fi ṣí owó rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ 2048 ló wà nínú àkójọ èdè kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú díẹ̀ fún wọ́lẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Kí a tó ṣa ọ̀rọ̀ kankan, mo ní ká ka ìwé náà tán. A rí i níbẹ̀ pé wọ́n ń kìlọ̀ gan-an pé kéèyàn má fi èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, torí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀pọ̀ wọ́lẹ́ẹ̀tì mọ̀. Ẹni tó bá pàdánù fóònù rẹ̀ lè má rí wọ́lẹ́ẹ̀tì tó máa gba ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ wọlé. Ó dùn wá, àmọ́ a kò bá ara wa jà, torí ìdí rẹ̀ wà lákọsílẹ̀. À ń fi agbára wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú wọ́lẹ́ẹ̀tì sí Yorùbá báyìí. Àrẹ̀mọ, bí ẹ bá rìnrìn-àjò ń kọ́, ta ní ń fún àbá ní nọ́ńbà?

Àrẹ̀mọ Bódìjà:

Ìyá Ìbejì, ìbéèrè gidi lẹ bi. Bitcoin pàápàá, oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n fi olótùú márùn-ún kún un lẹ́ẹ̀kan náà, torí iṣẹ́ ti ju ọwọ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Àwa ti di mẹ́ta báyìí, ẹ̀gbọ́n sì wà nínú wa. Bí ọ̀kan nínú wa bá kọ àbá, àwọn méjì yòókù ló ń yẹ̀ ẹ́ wò.