Ọjọ́ tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi síta

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Káàdì nẹ́tíwọ̀kì tó wà nínú sáfà mi, Intel I350 ni, ihò wáyà mẹ́rin ló ní. Mo fẹ́ fa ihò kan lé VM (ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ) tó ń ṣe fáyàwọ́ọ̀lù lọ́wọ́ pátápátá, kó má gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó gbé e dání mọ́. Mo ti ṣí VT-d, tó ń jẹ́ kí VM lè di káàdì mú fúnra rẹ̀, nínú BIOS; intel_iommu=on tó ń ní kí Linux lò ó náà ti wà nínú GRUB, ètò tó ń tan Linux. Mo fi lspci -nn wo káàdì, mo rí 8086:1521, nọ́ńbà tó ń sọ irú káàdì tó jẹ́. Mo kọ vfio-pci.ids=8086:1521 sínú GRUB, kí vfio-pci, dráífà tó ń di káàdì mú de VM, lè gbà á; mo ṣe update-grub, mo ní kí ẹ̀rọ kú kó tún tan.

SSH tí mo fi ń wọ ẹ̀rọ náà láti òkèèrè ò wọlé mọ́. Mo ping títí, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Àṣé ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń jẹ́ 8086:1521! vfio-pci kó gbogbo wọn lọ, títí kan èyí tí èmi fúnra mi ń gbà wọlé. Òru ọjọ́ náà ni mo wakọ̀ lọ síbi tí ẹ̀rọ wà, mo ki kíbọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́, mo tẹ lẹ́tà e nígbà tí GRUB yọjú, mo pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, ó tó tan bó ṣe yẹ.

Àdírẹ́sì PCI ihò kọ̀ọ̀kan ni mò ń lò báyìí: driverctl set-override 0000:03:00.1 vfio-pci. Orúkọ wọn lè jọra, ojúlé wọn ò jọra. Èyí tó kù ṣì wà lọ́wọ́ igb, dráífà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń lò. (Ẹ má gbàgbé pé 8 GB mẹ́mọ́rì tí ẹ bá fún irú VM bẹ́ẹ̀, lójú ẹsẹ̀ tó bá tan ló máa gbà á tán.)

Èsì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. VM tèmi ò tilẹ̀ gbéra. QEMU, ètò tó ń gbé VM ró, ń pariwo "group is not viable". Mo wo /sys/kernel/iommu_groups, mo rí i pé káàdì náà àti kọ̀ńtírólà SATA tí dísìkì ẹ̀rọ so mọ́ ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, àwọn tí ẹ̀rọ ò lè yà sọ́tọ̀ síra wọn. Bí ọ̀kan bá máa lọ, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n fi pcie_acs_override pín ẹgbẹ́ náà, mi ò gbà. Ẹnu lásán ló fi ń pín wọn, irin ò yí padà. Mo tú káàdì náà sínú sílọ́ọ̀tì mìíràn, ó dá wà. Inú mi ń dùn lọ́wọ́ ni mo rí i pé nọ́ńbà bọ́ọ̀sì ti sún: enp3s0, orúkọ ihò nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ̀rọ ń lò, ti di enp4s0. Bí èmi náà ṣe bára mi níta nìyẹn.

Èsì:
I350 yẹn ní SR-IOV o, ẹ̀gbọ́n: ihò kan lè bí ọmọ tí ẹ lè fún VM. Ẹ fi echo 4 sínú sriov_numvfs ihò kan, á bí ọmọ mẹ́rin. 8086:1520 ni àwọn ọmọ ń jẹ́, ìyá wọn ò sì ní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀rọ.