Kalanchoe mi ò tanná mọ́ láti ọdún méjì, ẹ gbà mí o

Àdùkẹ́_olódòdó

Ẹ kú déédé àsìkò yìí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní kalanchoe kan nílé, èyí tí ewé ẹ̀ nípọn tó ń dán yẹn. Nígbà tí wọ́n fún mi lọ́dún méjì sẹ́yìn òdòdó ló bò ó mọ́lẹ̀, pupa fòò, ó tó oṣù méjì kó tó rẹ̀ dànù. Látìgbà yẹn, ewé ni ṣáá. Ojoojúmọ́ ni mò ń bomi rin ín bí ẹni ń tọ́ ọmọ tuntun, mo tún ra ajílẹ̀ olómi sí i, ewé yẹn wá ń pọ̀ sí i ni. Pálọ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, torí ibẹ̀ ló ti dùn ún wò jù. Ó ti wá ga gàgàrà báyìí, ìdí ẹ̀ pá, orí nìkan lewé kù sí, ó tún tẹ̀ sápá kan bí ẹni ń yọjú wo ìta. Ewé ìsàlẹ̀ méjì ti di yẹ́lò, ó rọ̀ bíi pé omi ló kún inú ẹ̀. Mo ní kí n kúkú gé ẹ̀ka kan kó lè ta gbòǹgbò nínú kọ́ọ̀bù omi, kó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá ó ti rà, ó ń rùn. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé akọ ni tèmi, pé akọ kì í tanná. Ṣé òótọ́ ni?

Ewéńjẹ́

Háà, lójoojúmọ́ kẹ̀! Ẹ fẹ́ rì í pa ni mà. Ewé tẹ́ ẹ rí tó nípọn yẹn, ibẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí, Madagascar ló ti wá, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fara da ọ̀dá, ohun tí ò mọ̀ ọ́n fara dà ni kí gbòǹgbò ẹ̀ máa wà nínú ẹrẹ̀. Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ dé oríkèé kejì, tí ibẹ̀ bá ṣì tutù ẹ fi sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ìgbà tó bá gbẹ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa da omi sí i, kẹ́ ẹ dà á dáadáa títí tá á fi jò nídìí, kẹ́ ẹ wá da èyí tó bá dúró sínú abọ́ abẹ́ ẹ̀ nù. Tí ìkòkò yẹn ò bá sì níhò nídìí, ẹ yáa pààrọ̀ ẹ̀ lónìí.

Nǹkan kan tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyí: ewé tó bá rọ̀ múlọ́múlọ́ tó di yẹ́lò, omi ló yó jù. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ tó hun jọ bí awọ arúgbó, òùngbẹ ló ń gbẹ ìyẹn. Àwọn méjèèjì lèèyàn máa rí táá ní ó ti rẹ̀, tó bá wá lọ bomi sí èyí tó ti yó, ó parí.

Ọ̀rọ̀ akọ yẹn, ẹ bá mi bi ẹni tó sọ ọ́ pé níbo ló ti rí abo lol. Òdòdó kọ̀ọ̀kan ló ní takọ-tabo lára, kò sí kalanchoe tó jẹ́ akọ lásán.

Màmá_Ìbejì

Àdùkẹ́ ọmọ mi, òkùnkùn ni nǹkan yẹn ń wá, kì í ṣe ajílẹ̀. Ṣé o rí tẹlifíṣọ̀n tó o gbé e tì yẹn, òun gan-an ni ò jẹ́ kó tanná.

Bó ṣe rí nìyí. Òdòdó yìí máa ń fi bí òru ṣe gùn tó mọ àkókò tó yẹ kó tanná. Tí òru bá gùn, á mọ̀ pé àsìkò ti tó, á yọ kókó òdòdó. Tí iná bá ń tàn sí i lára títí di ọ̀gànjọ́, lójú tiẹ̀ ilẹ̀ ò tíì ṣú nìyẹn, ewé lá máa hù lọ bí tìẹ yẹn. Ó fẹ́ òkùnkùn biribiri bíi wákàtí 14 lóru kọ̀ọ̀kan, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Nílùú tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, òru máa ń gùn fúnra ẹ̀ nígbà òtútù, ẹni tó bá ti gbé e sí yàrá tí wọn ò ti ń tan iná lálẹ́ ò tún ní iṣẹ́ kankan láti ṣe, àmọ́ nítòsí ìlà yẹn, òru ò kúrò ní nǹkan bíi wákàtí 12 látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, o máa ní láti ràn án lọ́wọ́ ni.

Páálí ni mo fi ń bo tèmi. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ mo ti dé e mọ́lẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ mo ṣí i, mo gbé e sójú fèrèsé kó rí ìmọ́lẹ̀ dáadáa, torí kì í ṣe pé kó wà lókùnkùn tọ̀sán-tòru o, ìyẹn á pa á. Má fi náílọ̀n bò ó, ooru á mú un. Má sì ṣe máa ṣí i wò lóru o, iná fóònù pàápàá fi sílẹ̀.

Èmi gan-an ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbé ọ̀kan sí yàrá àlejò nígbà kan torí mo ti rò pé kò wúlò mọ́, kò sẹ́ni tó ń tanná níbẹ̀, mo gbàgbé ẹ̀, ìgbà tí mo máa wọbẹ̀ láti gbálẹ̀ òdòdó ti bò ó! Inú bí mi díẹ̀ ká sòótọ́, gbogbo ìkẹ́ tí mo fi ń kẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ò jámọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀. Àwọn tó ń gbìn ín tà náà, aṣọ dúdú ni wọ́n fi ń bò ó, ìyẹn lèèyàn fi ń rí olódòdó rà nígbàkígbà. Ó ti pẹ́ lọ́jà o, ará Jámánì kan, Robert Blossfeld, ló gbé e jáde lọ́dún 1932, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pe irú èyí tá à ń sọ yìí, Kalanchoe blossfeldiana.

Àdùkẹ́_olódòdó

Màmá ẹ ṣé gan-an. Ọ̀gànjọ́ kẹ̀, aago kan òru la máa ń pa tẹlifíṣọ̀n nílé wa! Mo ti gbé e kúrò níbẹ̀. Ti gíga ẹ̀ yẹn ńkọ́, àti ẹ̀ka tó rà?

Wíndò_lọgbà_mi

Gíga tó ga yẹn, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni ò tó o, ó ń nà láti wá a kiri ni. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ páálí báyìí. Ẹ kọ́kọ́ gé e. Gbogbo ọ̀pá tó ga yẹn, ẹ bẹ́ ẹ wálẹ̀ kó ku bí ìdajì, á yọ ẹ̀ka tuntun láti ojú oríkèé, èyí tẹ́ ẹ bẹ́ lẹ máa wá gbìn. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kan ìdí ẹ̀ ná, tó bá dúdú tó sì rọ̀, ẹ máa gé e lọ sókè títí inú ẹ̀ á fi mọ́ láìní àbàwọ́n, ìsàlẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ti gbígbìn, ẹ mú ẹ̀ka tí ò lódòdó lórí, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10, ẹ fi abẹ tó mọ́ gé e lábẹ́ oríkèé ewé, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá TẸ́ Ẹ SÍLẸ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta níbi tí oòrùn ò ti pa á, kí ojú ọgbẹ́ yẹn gbẹ kó sé èépá. Èyí lẹ fò tí tiyín fi rà, ẹ gbé ọgbẹ́ tútù sómi, àfi kó jẹrà. Iyẹ̀pẹ̀ ìdajì, yanrìn tó rí ṣákaṣàka ìdajì (tẹ́ ẹ bá ní perlite, òkúta wẹ́wẹ́ funfun tó fúyẹ́ yẹn, ó dáa náà), ẹ ti ẹ̀ka yẹn bọ inú ẹ̀, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí oòrùn ọ̀sán gangan ò sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ẹ rọra fà á pẹ́, tó bá dì mọ́lẹ̀ ó ti ta gbòǹgbò. Ẹ má máa fà á lójoojúmọ́ bíi tèmi o, mẹ́ta ni mo ti fi ọwọ́ ara mi fà tu.

Kòkòró_ò_gbọdọ̀

Ẹ gbà mí láyè kí n ta kò yín díẹ̀, omi náà máa ń ṣiṣẹ́. Inú ìgò kékeré ni mo ti ń jẹ́ kí tèmi ta gbòǹgbò, ìdí ọ̀pá nìkan ni mo máa ń jẹ́ kó kan omi, mo sì ń pààrọ̀ omi yẹn lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Àmọ́ òótọ́ ni pé gbòǹgbò inú omi máa ń ṣagídí tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sílẹ̀. Ẹ ṣáà tún wo abẹ́ ewé, tẹ́ ẹ bá rí ohun funfun bí òwú ní kọ̀rọ̀ oríkèé, kòkòrò nìyẹn, ẹ fi òwú rẹ sípírítì kẹ́ ẹ nù ún kúrò.

Ọmọ_olóńgbò

Ẹ dákun, ṣé ewé ẹ̀ kan ṣoṣo ò lè hù ni bíi ti àbámodá? Àbámodá ilé wa, ewé tó bá já bọ́ sílẹ̀ ló ń bímọ yíká etí ẹ̀.

Wíndò_lọgbà_mi

Ẹbí ni wọ́n, àbámodá, ọ̀dúndún, kalanchoe ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ti olódòdó yìí kì í bímọ létí ewé. Ewé ẹ̀ lè ta gbòǹgbò, ó kàn lè jókòó síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìyọ orí ni. Ẹ̀ka lẹ gé jàre. Mo sì rí orúkọ yín, tó bá jẹ́ pé ológbò wà nílé lóòótọ́, ẹ gbé e sókè réré, májèlé ni fún ológbò àti ajá, ewé àti òdòdó ẹ̀, á mú wọn bì, tó bá pọ̀ á mú ọkàn wọn.

Àdùkẹ́_olódòdó

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan o! Ìdí ẹ̀ ò tíì rà, mo bẹ́ ẹ, mo gbin mẹ́rin, mẹ́ta yè. Ìyá wọn ni mo wá ń fi páálí bò, ó ku díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí àbúrò mi fi wá sùn sílé, ló bá ṣí i lóru pé kí ló wà nínú páálí, ó tan iná yàrá lé e lórí, mo fẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí mo rí nǹkan róbótó róbótó láàárín ewé òkè. Ṣé òun nìyẹn? Ṣé kí n ṣì máa bò ó?

Màmá_Ìbejì

Òun ni, ọmọ mi! Má bò ó mọ́. Ojú fèrèsé ni kó wà báyìí, rọra máa bomi sí i tó bá ti gbẹ, má sì yí i kiri. Kí àbúrò rẹ náà wá wò ó tó bá là.