Jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n pè é, kansa ló jáde: ṣé a lè gbé dókítà lọ sí kóòtù?

Ọmọ Ìsánlú:
Okun o ẹ̀yin ara ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ bàbá mi ni o. Ọdún tó kọjá, ìgbà tí iṣu tuntun jáde, ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ẹni ọdún 61 ni wọ́n, a gbé wọn lọ sí ọsibítù ìjọba kan níbí, dókítà ní páìlì ni, jẹ̀díjẹ̀dí lásán, ó kọ oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. A padà lọ, oògùn kan náà. Bàbá ń rù, ẹ̀jẹ̀ ara wọn ń lọ sílẹ̀, dókítà tún kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ kún un, kò fi ìka yẹ ìdí wọn wò, kò ní ká lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi tipátipá gbé wọn lọ sí Ìlọrin, ibẹ̀ ni wọ́n ti ki kámẹ́rà bọ ìdí wọn, wọ́n gé ẹran díẹ̀ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Kansa ìfun ńlá ni, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Inú ń bí mi. Ṣé pípẹ́ yìí tó ẹjọ́ àbí àdúrà nìkan ló kù?

Ìyá Mopa:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wo bàbá sàn. Ṣùgbọ́n ẹ rọra ọmọ mi, dókítà ò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí a bá ń gbé ìwọ̀nba tó kù lọ sí kóòtù ta ló máa tọ́jú wa?

Nọ́ọ̀sì Kàbbà:
Ẹ má bínú mà, mi ò lè gbà pẹ̀lú yín lórí èyí. Òótọ́ ni, àìsàn míì máa ń fara pamọ́, dókítà tó mọṣẹ́ gan-an á ṣì í mú, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó ń rù, ẹ ò gbọ́dọ̀ pe ìyẹn ní páìlì láì yẹ ìdí ẹ̀ wò. Ọsibítù lè má ní kámẹ́rà, ìwé tí wọ́n fi ń rán èèyàn lọ síbi tó wà ńkọ́? Bébà lásán ni! Nínú ìlànà tí Medical and Dental Council of Nigeria (MDCN), àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ dókítà, kọ fún wọn, ṣíṣi àìsàn mọ̀ nígbà tí àmì ẹ̀ hàn gbangba wà lára àìbìkítà, àìtètè rán aláìsàn lọ síbi tó yẹ náà wà níbẹ̀.

Lọ́yà Lọ́kọ́ja:
Nọ́ọ̀sì ti sọ ìdajì ẹ. Pé ó pẹ́ nìkan ò tó ẹjọ́. Kóòtù á bi yín pé dókítà míì tí ipò wọn jọra, ṣé ohun tó máa ṣe náà nìyẹn? Tí ẹ bá borí ibẹ̀, èyí tó le jù ló kù: kí ni pípẹ́ yẹn bà jẹ́? Tí kansa bá ti dé ẹ̀dọ̀ lọ́jọ́ tí bàbá kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n á ní kò síyàtọ̀, ẹjọ́ lè dà nù síbẹ̀. Ẹnu dókítà míì ni kóòtù ti máa ń gbọ́ ìyẹn, torí ẹ̀ ẹ má sọ ìwé Ìlọrin kankan nù. Ìgbà wo ni ọsibítù yẹn rí bàbá kẹ́yìn? Ti ìjọba ni, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún yín ní oṣù 3 péré láti pe ẹjọ́, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dáa ló ti kú sórí ìyẹn.

Ọmọ Ìsánlú:
Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣì kọ oògùn páìlì sà. Ṣùgbọ́n bàbá mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí láàárín ẹ̀ o, ṣé ìyẹn ti ba ẹjọ́ jẹ́?

Lọ́yà Lọ́kọ́ja:
Kò bà á jẹ́, ṣùgbọ́n lọ́yà ọsibítù á fà á yọ, ẹ yáa sọ ọ́ fún lọ́yà yín kí wọ́n tó sọ ọ́. Lọ́la, ẹ kọ lẹ́tà sí ọsibítù, ẹ béèrè ẹ̀dà fáìlì bàbá, kí wọ́n sáìnì ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. National Health Act 2014 ní kí ọsibítù máa tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn, ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 náà sì jẹ́ kí ẹ lè béèrè fún un. Ẹ tún lè kọ ẹ̀sùn sí MDCN l'Ábújá, wọ́n lè dá dókítà dúró tàbí yọ orúkọ ẹ̀, àmọ́ owó gbà-máà-bínú, kóòtù ló ń jẹ́ kéèyàn gbà á. Tówó lọ́yà bá ṣòro, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń wá lọ́yà fún ẹni tí ò lówó, wà ní Lọ́kọ́ja.

Nọ́ọ̀sì Kàbbà:
Àbúrò, ẹ pín iṣẹ́ yẹn láàárín ara yín. Kí ẹ̀gbọ́n yín dúró ti bàbá n'Ílọrin, kí ìtọ́jú má dúró rárá, kí ẹ̀yin máa sáré ìwé.