Ìdì, ẹyọ, ipá, ìdooru: ọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nínú kíláàsì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àtòjọ ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé síwájú wa, èyí tí ẹ fẹ́ kí olùkọ́ fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì, láìṣẹ́ orí padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Mo fara mọ́ ìdajì rẹ̀ láìjanpata. Ìdajì tó kù ló ń kọ mí lóminú, nítorí àlàyé ni wọ́n, wọn ò tíì di ọ̀rọ̀. Ẹ kọ "ìyípadà-omi-sí-ooru-nípa-gbígbóná". Kí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó pe èyí tán, ìbéèrè tó fẹ́ bi olùkọ́ á ti sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn ọ̀rọ̀ iléèwé: ṣé ọmọ tó gbọ́ ọ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé lè fi béèrè nǹkan kó tó di Ọjọ́ Ẹtì? Bí kò bá lè fi í béèrè, àkọ́sórí lásán ni.

Àwọn kan ti dáhùn pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, ká kúkú kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé, ká fi àmì ohùn sí i, ó parí. Ẹ wo iṣẹ́ èdè kẹ́ ẹ tó gbà fún wọn. Ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, gbólóhùn: a ṣẹ̀dá wọn tàbí a fún wọn ní iṣẹ́ tuntun, wọ́n sì rọ̀ mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu. Fáwẹ́lì, kọ́ńsónáǹtì, sílébù: a yá wọn, àwọn náà rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ọ̀nà méjèèjì ló gbéṣẹ́. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ èdè rọrùn ni pé àwọn àgbà ti jókòó tì í pẹ́: ìwé èdè-ìperí, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìmọ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, èkejì jáde lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990, èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n sì dojú kọ. Nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí iṣẹ́ èdè. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́.

Ìṣirò ni mo fẹ́ dúró lé, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti gbóná jù. Ẹnì kan nínú yín sọ pé òǹkà wa kò bá ìṣirò òde òní mu, ká pa á tì, ká máa ka nọ́ńbà ní ẹ̀wá-ẹ̀wá. Ìṣòro tó rí wà lóòótọ́. Ẹ wo 46. Ohun tí ọmọ rí lójú pátákó ni 4, 6 sì tẹ̀ lé e. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni mẹ́rìndínláàádọ́ta: àádọ́ta ó dín mẹ́rin. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta ó dín mẹ́wàá ni. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Kò gbọ́ ẹẹ́fà rárá, mẹ́rin tó gbọ́ kì í sì í ṣe 4 tó rí. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ bá kúrò níbẹ̀ díẹ̀ á kọ 54, nítorí "dín" àti "lé" nìkan ló ya mẹ́rìndínláàádọ́ta àti mẹ́rìnléláàádọ́ta sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à bá pàdánù. Ẹ ní kí ọmọ ro 36 pọ̀ mọ́ 19. Mọ́kàndínlógún: orúkọ náà ti sọ fún un pé ogún ni, ó dín kan. Kó fi ogún kún 36, ó di 56, kó yọ kan, ó ku 55. Ọgbọ́n àfọkànṣe tí àwọn ẹlòmíràn ń fi odindi ẹ̀kọ́ kọ́ ọmọ, inú orúkọ nọ́ńbà ló wà ní tiwa. Àwọn Faransé ń pe 97 ní ogún mẹ́rin, ẹ̀wá àti méje. Àwọn ará Denmark náà ń fi ogún ka 50 títí dé 90. Wọ́n ń fi èdè wọn kọ́ ìṣirò títí dé yunifásítì. Èmi ò lè dá sí i pé ká ju òǹkà wa nù.

Ohun tá a nílò ni orúkọ fún àyè tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Àtòjọ yín pè é ní "ipò-iye-ẹlẹ́wàá". Ìdì ni mo dábàá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kó igi tín-ín-rín mẹ́rìndínláàádọ́ta sórí tábìlì, kó fi òwú dì wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Yóò ní ìdì mẹ́rin, yóò sì ku ẹyọ mẹ́fà. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ló wà lójú pátákó. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni orúkọ rẹ̀. Ìdì mẹ́rin, ẹyọ mẹ́fà ni bá a ṣe ń kọ ọ́. Èkíní kò lé èkejì jáde.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú ìdì ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù. Nínú àròpọ̀, bí ẹyọ bá ti pé mẹ́wàá, a dì í. Nínú àyọkúrò, ẹ mú 52, ẹ yọ 17. Ẹyọ méjì kò tó ohun tá a lè yọ méje nínú rẹ̀, nítorí náà a tú ìdì kan. Ẹyọ di méjìlá, a yọ méje, ó ku márùn-ún. Ìdì tó ku mẹ́rin, a yọ ọ̀kan, ó ku mẹ́ta. 35. "Yá" ni àtòjọ yín lò níbi tí mo ti lo "tú": ẹ ní kí ọmọ yá ẹ̀wá kan. Ohun tá a bá yá, dídá la ń dá a padà. Ta ló dá ẹ̀wá yẹn padà rí? Ọmọ tó bá ronú jinlẹ̀ á béèrè, olùkọ́ ò sì ní rí èsì fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ta kókó lórí ìdì tá a tú: igi mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, igi mẹ́wàá náà ló jáde.

Ẹnì kan á ní ìdì àti ìdí kò jìnnà síra, pé àwọn ọmọ á máa fi rẹ́rìn-ín. Ẹ fi àmì ohùn sí i lójú pátákó. Ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò ní Yorùbá ń kọ́ dò-re-mí lọ́wọ́ kan náà.

Ó di sáyẹ́ǹsì. Àtòjọ yín fi agbára pe ohun mẹ́ta: èyí tí ọwọ́ fi ń ti ilẹ̀kùn, èyí tó wà nínú bátìrì, àti bí ẹ̀rọ kan ṣe ń yára ṣiṣẹ́ ju òmíràn lọ. Èyí léwu, nítorí ọdún mélòó kan sí i, ìdánwò á bi ọmọ náà léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì máa wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí títì àti fífà máa jẹ́ ipá, kí èyí tó wà nínú bátìrì máa jẹ́ agbára, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ títí wọn yóò fi dàgbà tó o. Àwọn tó lòdì sí ipá ní ìwà ipá ló máa sọ sí ọmọ lọ́kàn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n a tún máa ń sọ pé "ipá mi ò ká a", a sì ń sọ fún ọmọ pé kó sapá. Kò sí ìjà nínú méjèèjì. Ìdánwò kan tún wà tí ọmọ fúnra rẹ̀ lè ṣe: ṣé nǹkan náà ṣeé tọ́jú pa mọ́? Agbára ṣeé tọ́jú sínú bátìrì di ọ̀la. Ipá ò ṣeé tọ́jú; ìgbà tí nǹkan bá ń ti nǹkan tàbí tó ń fà á nìkan ló wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí omi tí orúkọ rẹ̀ gùn. Èdè wa ti ní "yọ́" fún yìnyín tó ń di omi, ó ti ní "dì" fún omi tó ń di yìnyín. (Òótọ́ ni, "dì" yìí àti "dì" ti igi rí bákan náà, kò sẹ́ni tó máa ṣi ọ̀kan gbé fún èkejì nínú gbólóhùn.) Méjì ló ṣẹ́ kù: omi tó ń di ooru omi, àti ooru omi tó ń padà di omi. "Gbẹ" tí àwọn kan dábàá kò tó, torí kò sọ ibi tí omi gbà lọ. "Fà" tún ń ṣi ọmọ lọ́nà: omi tó fà, inú ilẹ̀ ló wọ̀. Mo dábàá ká sọ pé omi dooru, kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà sì jẹ́ ìdooru. Bí ooru náà bá padà, ó domi, ìdomi nìyẹn. Ọmọ lè fi béèrè lójú ẹsẹ̀: "Kí ló dé tí omi orí pátákó fi dooru láìsí iná lábẹ́ rẹ̀?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí ó máa jẹ́ kó mọ̀ pé kò dìgbà tí omi bá hó kó tó dooru. Ẹ gbé ife omi tútù kalẹ̀, ẹ ní kó wo ara ife náà níta. Omi á máa sẹ̀ sí i lára. Kò jò láti inú ife. Ooru omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló kan ara tútù, ó sì domi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ "èéfín omi" kúrò nínú àtòjọ. Èéfín, ohun tó ń jó ló ń mú un jáde. Funfun tá a sì ń rí lẹ́nu ìkòkò tó ń hó, ooru tó ti domi padà ní tín-ín-tìn-ìn-tín ni. Ooru omi gan-an kò ṣeé fojú rí. Bí olùkọ́ bá ti sọ èéfín lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀kọ́ náà ti dàrú.

Kòkòrò, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. À ń pe eèrà ní kòkòrò, à ń pe aláǹtakùn ní kòkòrò, à ń pe ohun tó ń fa àrùn tí ojú kò rí náà ní kòkòrò. Ẹ jẹ́ kó gbòòrò bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi "kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà" ya irú eèrà sọ́tọ̀. Ọmọ á ka ẹsẹ̀ aláǹtakùn, á bá mẹ́jọ, á sì mọ̀ pé kò sí lára wọn.

Ohun kan tí àtòjọ yín gbàgbé ni ọjọ́ ọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìjẹta ni Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀ta ló wà nínú orúkọ náà, torí à ń ka òní mọ́ ọn: Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú, Ìṣẹ́gun. Ìwé ìṣirò ní tirẹ̀ á ní kí ọmọ yọ 2. Kò sí èyí tó ṣìnà nínú méjèèjì. Ọ̀kan ń ka ọjọ́, èkejì ń ka ìgbésẹ̀ láti ọjọ́ kan sí òmíràn. Kí olùkọ́ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n níbi ọjọ́ á tún kọsẹ̀ níbi ìlà nọ́ńbà.

Sí ẹni tó ní odindi ọ̀sẹ̀ ní Yorùbá kò ṣeé ṣe: odindi ọdún mẹ́fà ló ti wáyé. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, olùkọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń kọ́ ọ, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ lójoojúmọ́ ni ìyókù àti àṣẹ́kù. Àtòjọ náà ń lò wọ́n bí ẹní ń lo ọ̀kan. Ó wù mí kí ohun tó kù nínú àyọkúrò máa jẹ́ ìyókù, kí ohun tí kò ṣeé pín mọ́ máa jẹ́ àṣẹ́kù: ẹ pín 17 sí ọ̀nà márùn-ún, ẹnì kọ̀ọ̀kan gba mẹ́ta, àṣẹ́kù jẹ́ méjì. Èwo nínú méjèèjì ni àwọn ọmọ kíláàsì yín ń sọ fúnra wọn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ wọn?