Táyà wo ló yẹ Cessna 180 tó ń balẹ̀ sórí òkúta etí odò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin awakọ̀ òfurufú àti mẹkáníìkì. Cessna 180, ọkọ̀ òfurufú kékeré, ni ọkọ̀ náà; rímù rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 6, táyà oníwọ̀n 8.50-6 ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí. Orí òkúta wẹ́wẹ́ etí odò ní Alaska ló ti máa ń balẹ̀ jù, àmọ́ orí pápá ọlọ́dà ló ti ń gbéra.

Bushwheel ínǹṣì 29, ìyẹn táyà ńlá rírọ̀ tí kò ní túùbù, ló wù mí. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í pọ̀, nítorí náà ó ń tẹ̀ mọ́ òkúta dípò kó ta. Tí afẹ́fẹ́ táyà oní-túùbù bá kéré báyẹn, ó lè yí lórí rímù nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, kó sì já fáàfù, ìyẹn ẹnu tí a ti ń fún un ní afẹ́fẹ́. Fáàfù ti Bushwheel wà lára táyà gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tètè ń jẹ rọ́bà rẹ̀ (owó ńlá sì ni!), ó sì ń dín eré ọkọ̀ kù.

Bíréèkì ló ń kọ mí lóminú jù: bí táyà bá ṣe ń ga sí i ni agbára bíréèkì ń dín kù. Ṣé kálípà (ẹ̀yà bíréèkì tó ń fún díìsìkì mọ́ra) onípísítìn kan lè dá ọkọ̀ náà dúró, àbí dandan ni onípísítìn méjì? psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) mélòó lẹ ń fún táyà náà tí ẹrù bá kún? Ṣé kí n pààrọ̀ táyà kékeré ìdí ọkọ̀ náà? Ti STC, ìwé àṣẹ láti ṣe àyípadà sára ọkọ̀ òfurufú, ìyẹn ti yé mi.