Maternelle la fẹ́ kọ́ ní Kétu, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kétu ní Benin níbí ni mo wà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la fẹ́ ṣí maternelle, ìyẹn ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, fáwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ilẹ̀ ti wà, a ò tíì fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe sáré wá bi yín kó má di pé a mọ ọ́n tán ká tún máa wó o.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, bẹ́ǹṣì àwọn àgbà ni wọ́n kó fáwọn ọmọ. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í kanlẹ̀, á kàn rọ̀ dirodiro títí á fi sùn lọ. Fèrèsé ga ju orí wọn lọ, páànù lásán ló wà lókè, tó bá fi máa di ọ̀sán òógùn á ti bò wọ́n. Ihò ṣáláńgá wá fẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, òmíì á kúkú tọ̀ sára. Ó dùn mí gan-an. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó dá ilé ìwé ọmọdé sílẹ̀, ti ń lo àga tó mọ níwọ̀n ọmọdé ní Róòmù láti 1907, kí ló dé táwa ò lè ṣe é?

Káfíńtà ń bi mí, báwo ni kí àga ọmọ ọdún mẹ́ta ṣe ga tó? Ṣé ká fi sílíǹgì sábẹ́ páànù ni àbí ká fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lókè ògiri? Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ da sìmẹ́ńtì sí gbogbo àgbàlá, èmi fẹ́ kí yanrìn kù tí wọ́n á fi ṣeré, kí igi máńgòrò ibẹ̀ náà dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ irú ẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn tó máa mọlé ń bọ̀.