"Ń gòkè àgbà" àbí "agbẹ́rùfúyẹ́"?

Ẹ̀gbọ́n, mo rí àbá yín pé ká máa lo "orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà" fún "developing country" níbi gbogbo tí a bá ti ń túmọ̀ òfin Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé (WTO). Fún ìròyìn rédíò, ó dáa. Nínú òfin, ó ń tanni jẹ. Ẹni tó bá gbọ́ "ń gòkè" á rò pé ẹnì kan jókòó sí Geneva, níbi tí olú iléeṣẹ́ àjọ náà wà, tó ń wọn gíga wa. Kò sí o! Láti 1995 tí àjọ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò fi òṣùwọ̀n kankan lélẹ̀. Orílẹ̀-èdè ló ń fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá sí Ọjà Ọba níbí, ní Òṣogbo, láàárọ̀ tí ọkọ̀ gàrí bá dé. Ọmọkùnrin kan láàárín àwọn aláàárù á ní, "Ọmọdé ni mí o," wọ́n á sì gbé ààbọ̀ àpò rù ú. Ta ló bi í léèrè ọdún? Àmọ́ kí onírùngbọ̀n sọ irú ẹ̀ wò! Ariwo tí Amẹ́ríkà ń pa lé Ṣáínà lórí nìyẹn, pàápàá láti 2019 tí Trump ti kọ ìwé àṣẹ lórí ẹ̀.

Ẹrù ọ̀hún sì wà lóòótọ́. Nínú àdéhùn ọ̀gbìn àjọ náà, wọ́n ní kí àwọn olówó dín owó ẹnubodè kù ní ìpín 36 nínú 100 láàárín ọdún 6. Àwa tó ń gòkè àgbà, ìpín 24, láàárín ọdún 10.

Ìdí tí mo fi hun "agbẹ́rùfúyẹ́", ẹni tó ń gbé ẹrù tó fúyẹ́, dípò àbá yín nìyẹn. Ìyàwó mi ní ó dún bí orúkọ ọ̀lẹ. Mo ṣì ń bá a jiyàn lọ́wọ́ nígbà tí mo rántí pé Ṣáínà ti já mi kulẹ̀: ní oṣù Kẹsàn-án 2025, Li Qiang, olórí ìjọba wọn, sọ ní New York pé àwọn kò ní tọrọ ìrọ̀rùn tuntun mọ́ nínú ìdúnàádúrà àjọ náà, síbẹ̀ àwọn ṣì wà lára àwọn tó ń gòkè àgbà. Ó kọ ẹrù fífúyẹ́, ó di orúkọ mú. Kí la ó wá pe agbẹ́rùfúyẹ́ tí kò gbé e mọ́?

Ó di ọ̀rọ̀ méjì. Mo gba tiyín fún orúkọ. Fún àǹfààní tó so mọ́ ọn, "ìmẹ́rùfúyẹ́" ni mo mú wá. "Ojúàánú" tí àbúrò wa dábàá kò bá a mu. Àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ni, kì í ṣe sàráà.

Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ "àwọn tó kù díẹ̀ káàtó jù", ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè tí ìdàgbàsókè wọn kéré jù ("least developed countries"). Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ń to orúkọ tiwọn: Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀, Nàìjíríà kò sí.

Ṣé ká so "ìmẹ́rùfúyẹ́" pọ̀ báyìí, àbí ká fi àmì ìsopọ̀ sí i? Ojú mi ò tíì mọ́ ọn.